Másítà Bíréèkì Tí Mo Tà Nígbà Ọ̀fọ̀ Yín

Ìyé mi àtàtà,

Inú ṣọ́ọ̀bù yín ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Mo jókòó sórí àga onígi yín, mo kọ ẹ̀yìn sí àwọn bẹ́líìtì tí ẹ so kọ́ ògiri. A ti ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ yín tán. Gbogbo èèyàn ti padà sílé wọn. Ó yẹ kí èmi náà ti wà ní Ìsánlú, torí iléèwé ti wọlé, ọ̀gá wa sì ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tó dá mi dúró, ó sì yẹ kó jẹ́ pé ẹnu mi ni ẹ ti máa gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ta ọ̀kan nínú àwọn másítà bíréèkì tó wà nínú páálí abẹ́ bẹ́ǹṣì. N kò mọ̀ pé ńṣe lẹ gbé wọn pamọ́. Mo rò pé ẹ kàn gbé wọn síbẹ̀ ni.

Ọjọ́ tí wọ́n pè mí láti ọsibítù, ìwé ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì mi ni mo ń máàkì. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Mo ní ẹ ṣeun. Mo tún máàkì ìwé méjì sí i kí n tó dìde, n kò mọ ìdí rẹ̀ títí di òní. Mo padà wo àwọn ìwé méjèèjì lẹ́yìn náà. Mo máàkì wọn dáadáa, n kò ṣi ẹyọ kan. Wọ́n sin yín kí oòrùn tó wọ̀, bí ẹ ṣe máa ń fẹ́ ẹ. Èmi ni mo pọn omi fún àwọn obìnrin tó wẹ̀ yín. Èmi ni mo pín àkàrà fún àwọn ààfáà. Àwọn èèyàn ní mo gbìyànjú, wọ́n ní mo lọ́kàn bí ọkùnrin. Kì í ṣe ìgboyà, Ìyé. N kò gbọ́ nǹkan kan lára mi ni. Oúnjẹ kò dùn, kò sì korò. Tí ẹnì kan bá bú sẹ́kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹnu rẹ̀ ni mo máa ń wò, bí ẹni ń wo àlejò tó ń sọ èdè tí èèyàn kò gbọ́.

Ọjọ́ kejì àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ilé ṣì kún fọ́fọ́. Mo mú kọ́kọ́rọ́ yín lórí ìṣó, mo wá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tajà. Mo kàn ń wá ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní kí mi kú ará-fẹ́ra-kù.

Ṣé ẹ mọ̀ pé mo máa ń tijú yín nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì? Àwọn ọkùnrin tó ń ta páàtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á gbé ọjà fún oníbàárà, ó parí. Ẹ̀yin kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ó kọ́kọ́ ní kí onítọ̀hún jókòó. Ẹ ó bi í pé kí ló ń kó, òkè wo ló ń sọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó mú másítà, ẹ ó fi àtàǹpàkò ti ọ̀pá inú rẹ̀ wọlé, ẹ ó tú u sílẹ̀, ẹ ó sì tẹ́tí sí bó ṣe ń padà. Ẹ ó gbóòórùn rọ́bà rẹ̀ bí ẹni ń gbóòórùn ẹja. Èmi a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn, n óò máa gbàdúrà kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi má kọjá. Obìnrin wo ló ń gbóòórùn irin láàárín páàkì? Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹ fi tọ́ mi láti ìgbà tí Bàbá ti kú nìyẹn, àwọn dírẹ́bà sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá yín. Ẹ máa ń sọ fún wọn pé ẹ́ńjìnnì tí kò ṣiṣẹ́, ilé ni yóò dá ọ dúró sí, ṣùgbọ́n bíréèkì tí kò ṣiṣẹ́, kò síbi tí yóò ti jẹ́ kí o dúró. Ìyá Bíréèkì ni wọ́n ń pè yín, ní Kábà níbí àti káàkiri ilẹ̀ Bùnú.

Èmi tí mo dàgbà sínú òórùn gíríìsì yìí, ohun tí mo mọ̀ nípa másítà kò ju èyí lọ: òun ni pẹ́dàlì ń tì, òun ló ń ti ọ́ìlì lọ sí ẹsẹ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ọkọ̀ tó dúró. Tó bá kú, kò sí ohun tí ẹsẹ̀ dírẹ́bà lè ṣe.

N kò tíì jókòó pẹ́ lọ́jọ́ náà tí ọkùnrin kan fi wọlé. Eruku ti sọ fìlà rẹ̀ di pupa. Ó fi àkísà wé másítà àtijọ́ kan lọ́wọ́. Ó kí mi kú ọ̀fọ̀, ó ní píkọ́ọ̀pù lòun fi ń kó iṣu láti Bùnú wá sí Kábà, irú másítà ọwọ́ òun yìí lòun wá rà. Mo wá a lórí pẹpẹ, n kò rí i. Mo bẹ̀rẹ̀, mo rí páálí kan lábẹ́ bẹ́ǹṣì tí ẹ fi ìró àtijọ́ yín bò. Mo ṣí i. Èyí tó wà nínú rẹ̀ àti tọwọ́ ọkùnrin náà jọra bí ìbejì. Ihò nọ́ọ̀tì dọ́gba, ihò páìpù dọ́gba, tinú páálí sì ń dán. Mo gbé ọ̀kan fún un.

“Ṣé ẹ ò ní yẹ̀ ẹ́ wò?” Mo bi í bẹ́ẹ̀ torí mo rántí yín.

“Kí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lára ohun tó ti ṣọ́ọ̀bù Ìyá Bíréèkì jáde?” ó wí. “Ìyá rẹ ti bá mi yẹ̀ ẹ́ wò tán.”

Ó sanwó, ó ṣàdúrà fún yín, ó sì lọ. N kò ní kó jókòó. N kò bi í ní òkè tó ń sọ̀. N kò fi àtàǹpàkò ti nǹkan kan. Mo ti ilẹ̀kùn, mo padà sílé, n kò sì tún wá síbí títí a fi ṣe ogójì ọjọ́ tán.

Ẹnì kan wá ra ọ́ìlì bíréèkì báyìí, mo sì ti dá a lóhùn. Mo ní kó jókòó. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi dàrú, ṣùgbọ́n ó jókòó.

Lọ́jọ́ kejì ogójì ọjọ́ ni èmi àti Bọ̀dá Múdà, mẹkáníìkì tó dojú ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kọ yín, bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ọjà mọ́. Ó ń ka àwọn páàtì, èmi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fa páálí náà jáde. Ó dúró.

“Ta ló ṣí èyí?”

“Èmi ni.”

“Ṣé o tà níbẹ̀?”

“Ẹyọ kan péré ni.”

“Mo gbé!” Ó jókòó sórí táyà tó wà nílẹ̀. “Ṣé ìyá rẹ kò sọ fún ọ ni?”

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, Ìyé. Ó ní nígbà ààwẹ̀, ẹni tí ẹ máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní másítà, ẹ wá rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí ẹ kò mọ̀ rí. Nígbà tí ọjà dé, ẹ gbóòórùn rọ́bà rẹ̀, kò tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ ní kí Bọ̀dá Múdà tú ọ̀kan, ẹ sì ju rọ́bà rẹ̀ sínú ife ọ́ìlì bíréèkì. Kó tó di ọjọ́ mélòó kan, ó ti wú, ó sì ti rọ̀ bíi búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú tíì. Bọ̀dá Múdà ní kí ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ ní rárá, tí ẹ bá dá a padà, ẹni tó tà á yóò tún un tà fún ẹlòmíràn ni. Ẹ ní tí ọdún ìtúnu ààwẹ̀ bá ti kọjá, kó fi hámà bá yín fọ́ gbogbo rẹ̀. Ọdún kọjá tán, àìsàn dá yín dùbúlẹ̀.

Ìyé, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi? Òpin ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wá jókòó tì yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yín tó lóyún. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ páànù ẹ̀yìnkùlé tó ń jò. Ẹ ní kí n má gbàgbé láti dá abọ́ ìyàwó ìmáàmù padà. Ṣé ẹ gbàgbé páálí yìí ni? Àbí ẹ rò pé ẹ ó dìde fọ́ ọ fúnra yín?

Mo bi Bọ̀dá Múdà pé kí ló dé tí ẹ kò kọ nǹkan kan sára páálí náà. Ó dìde, ó gbé másítà tòkunbọ̀ kan jáde nínú àpótí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó fi ìlà ṣọ́ọ̀kì funfun kan hàn mí lábẹ́ rẹ̀. Ó ní gbogbo ohun tí ẹ bá ti yẹ̀ wò lẹ máa ń fa irú ìlà yẹn sí. Àwọn tó dára lẹ máa ń sàmì sí, kì í ṣe àwọn tí kò dára. Gbogbo páàkì ló mọ̀. Èmi ọmọ yín ni n kò mọ̀.

Bí mo ṣe júwe oníbàárà náà, fìlà rẹ̀ àti iṣu rẹ̀, Bọ̀dá Múdà mọ̀ ọ́n. Bàbá Tóyìn ti Òkè-Bùkún ni. A pè é títí, fóònù rẹ̀ kò lọ. Bọ̀dá Múdà ní kò dìgbà tí a bá ń pè é, ká dìde. Ó ki másítà tòkunbọ̀ náà àti sípánà rẹ̀ bọ inú àpò, ó gbé ọ̀kadà rẹ̀ jáde, mo sì gun ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ mọ ọ̀nà Bùnú. Ní gbogbo ibi tí ọ̀nà ti ń dà sí ìsàlẹ̀, inú kòtò ni mo ń wò. Píkọ́ọ̀pù aláwọ̀ búlúù tí Bọ̀dá Múdà júwe fún mi ni mo ń wá. Bọ̀dá Múdà ń ṣàdúrà sókè bó ṣe ń wà wá lọ, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú atẹ́gùn. Èmi kò gbàdúrà. Mo ń wo kòtò bí ẹni ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù. Mo bi ara mi pé tí mo bá rí ọkọ̀ náà níbẹ̀ ńkọ́? Inú mi dákẹ́ bí yàrá tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò níbẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ ká wọ ìlú, a pàdé obìnrin kan tó ru igi ìdáná. A bi í ní ilé Bàbá Tóyìn.

“Ṣé nítorí ìjàǹbá ọkọ̀ yẹn lẹ ṣe wá kí wọn?”

Mo bi í pé ṣé ẹnì kan kú. Ohùn tí mo fi ń pe orúkọ nínú kíláàsì ni mo fi bi í.

“Ọlọ́run yọ wọ́n. Apá ìyàwó rẹ̀ ló ṣẹ́.”

Ọkọ̀ náà ni mo kọ́kọ́ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Bọ́ḿpà rẹ̀ ti ká sínú, iná rẹ̀ kan ti fọ́. Bàbá Tóyìn jókòó sábẹ́ igi ọsàn, ó ń gbẹ́ ẹ̀rúkọ́. Bó ṣe rí mi báyìí, ó dìde fùú.

“Okun o! Ọmọ Ìyá Bíréèkì! Ta ló sọ fún yín? Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun o, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọ̀fọ̀.”

Ìyé, ó rò pé a wá bá òun kẹ́dùn ni. Ó gbé àga fún wa. Ó ké sí ìyàwó rẹ̀. Ìyá Tóyìn jáde wá, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti dàgbà díẹ̀, wọ́n fi ọparun àti àkísà di apá rẹ̀ òsì, ìka ọwọ́ náà sì wú. Ó fi ọwọ́ kan gbé omi fún wa. Mo gba omi náà, mo mu ún. Kí ni n bá ṣe?

Bàbá Tóyìn bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. Ó ní àwọn kó iṣu, àwọn ń sọ òkè, òun tẹ bíréèkì, pẹ́dàlì lọ sílẹ̀ pátápátá. Òun tún un tẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Òun rí òkìtì yẹ̀pẹ̀ tí àwọn tó ń ṣe ọ̀nà kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, òun sì darí ọkọ̀ lọ bá a. Ìyàwó òun fẹ́ fi ọwọ́ gba ara rẹ̀ dúró, ibẹ̀ ni apá ti ṣẹ́.

“Èmi ni mo fà á,” ó wí. “Afẹ́fẹ́ ló kù nínú bíréèkì. Mẹkáníìkì wa níbí ní ká tún un fà jáde, mo ní ó ti tó. Másítà ìyá yín kò ní ẹ̀bi kankan níbẹ̀.”

Bọ̀dá Múdà ń wo ilẹ̀. Mo gbé ife kalẹ̀. Mo ní kí Bàbá jọ̀wọ́ jókòó, mo ní kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, bí ẹ ṣe rà á, bí ẹ ṣe dán an wò, ìdí tí ẹ fi gbé e pamọ́. Mo ní ẹ̀yin kò tà á, ẹ kò sì ní tà á láéláé. Èmi ni mo tà á, n kò sì wò ó kí n tó tà á. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo ń gbọ́ ohùn ara mi, ó lọ geere, kò gbọ̀n rárá, mo sì kórìíra rẹ̀.

Bàbá Tóyìn ṣí fìlà.

“Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni pẹ́dàlì ti ń wọlẹ̀,” ó wí nígbà tó yá, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló ń wò. Ìyàwó rẹ̀ ló ń wò. “Mo sọ fún ọ pé ó ń wọlẹ̀. Mo ní kí n gbé e padà lọ sí Kábà.”

“Èmi ni mo ní kó má lọ,” Ìyá Tóyìn sọ fún mi. “Mo ní ṣé ilé ọ̀fọ̀ ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ lọ? Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Mo ní kó máa rọra wà á, ká jẹ́ kí wọ́n ṣe ogójì ọjọ́ tán ná.” Ó wo apá rẹ̀. “Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kó pé.”

Ìyé, kí ni wọ́n ń fi dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóhùn? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rí èsì fún gbogbo dírẹ́bà, ẹ bá mi wá a. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, n kò tilẹ̀ kúnlẹ̀. Iyanrìn wọ ẹnu mi. Ìyá Tóyìn ní kí n dìde, aṣọ mi ń dọ̀tí.

Bàbá Tóyìn kò ní kí n dìde. Ó lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà, Bọ̀dá Múdà ló bá sọ̀rọ̀. “Tún ọkọ̀ mi ṣe.” Kò tún wo ojú mi mọ́ títí ọ̀sán fi pọ́n.

Bọ̀dá Múdà tú másítà náà. Rọ́bà inú rẹ̀ kò ṣeé fà jáde ní odidi, ó ń já sí i lọ́wọ́. Ó tẹ́ àwọn ègé rẹ̀ sórí bébà kan, ó sì dè tòkunbọ̀ tó ní ìlà ṣọ́ọ̀kì sípò rẹ̀. Ó ní kí n jókòó síwájú ọkọ̀, kí n máa bá òun tẹ pẹ́dàlì kí òun lè fa afẹ́fẹ́ jáde láti ẹsẹ̀ táyà.

“Tẹ̀ ẹ́. Dì í mú. Ó tó, tú u sílẹ̀. Tún tẹ̀ ẹ́.”

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí nǹkan kan lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Pẹ́dàlì ń lọ sílẹ̀ bíi pé ó ń bọ́ sínú ẹ̀kọ. Bọ̀dá Múdà lọ láti táyà kan sí òmíràn, ó ń pariwo láti abẹ́ ọkọ̀, èmi ń tẹ̀, mo ń tú u sílẹ̀. Ó yá, pẹ́dàlì le díẹ̀. Ó tún le sí i. Nígbà tó dé táyà ìkẹyìn, mo tẹ̀ ẹ́, ó dúró, ó sì ti ẹsẹ̀ mi padà. Láti ọjọ́ tí ẹ ti kú, nǹkan àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo mọ̀ pé ó kàn mí lára. N kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Bọ̀dá Múdà ní ó ti tó, mo sì tún ń tẹ̀ ẹ́.

Mo bẹ Ìyá Tóyìn pé kó jẹ́ ká lọ sí ọsibítù ní Kábà, torí ìwú ìka yẹn kò dára. Ọkọ rẹ̀ ní òun kò ní gbé e sínú ọkọ̀ yẹn. Ó ní kí Bọ̀dá Múdà fi ọ̀kadà gbé e.

“Kí ó máa gbọn apá mi dé Kábà?” ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. Ó ti ń lọ síbi ilẹ̀kùn ọkọ̀. “Ọmọ yìí á jókòó sáàárín wa. Tí bíréèkì kò bá mú, kó pa gbogbo wa pọ̀.” N kò mọ̀ bóyá ó ń ṣàwàdà. Mo jókòó sáàárín.

Nígbà tí a dé òkè tí ìjàǹbá náà ti ṣẹlẹ̀, òkìtì yẹ̀pẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ojú ibi tí ọkọ̀ kọlù. Bàbá Tóyìn tẹ bíréèkì lórí òkè pátápátá. Ọkọ̀ dúró. Ó sún un síwájú díẹ̀, ó tún un tẹ̀. Ó dúró. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ̀ ọ́ títí dé ìsàlẹ̀, èémí rẹ̀ ń dún létí mi. Nígbà tí a dé ilẹ̀ títẹ́jú, ó nu ojú.

“Ó mú,” ó wí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n ya fọ́tò egungun apá Ìyá Tóyìn ní ọsibítù. Àwọn tó di í lábúlé kò mú un tò dáadáa. Wọ́n tún un tò, ó sunkún bí ọmọdé, mo sì di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú. Dókítà ní kó má tíì padà sílé, òun fẹ́ rí i lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Mo mú un lọ sílé wa. Yàrá yín ni mo fi í sí, lórí ibùsùn yín. Ṣé ó burú? N kò rí ẹni bi.

Láràárọ̀, èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, torí kò gbọ́dọ̀ fi omi kan apá náà. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ pẹ̀lú kóróbá lọ́wọ́, n kò lè wọlé. Ohun tí mo rántí ni ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì kan ń nu ara yín, tí mo yíjú sí fèrèsé. Mo sọ fún ara mi pé ìtìjú yín ni mo ń bò. Irọ́ ni. Mo ń bẹ̀rù láti rí bí ẹ ṣe rù. Ó yẹ kí n gba tówẹ̀lì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì náà. N kò gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí.

Ìyá Tóyìn ní omi ń tutù, mo sì wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ń fọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó bi mí pé, “Ṣé o ti sunkún ìyá rẹ?”

“Rárá, mà.”

“Hẹ̀n.” Ó gbé apá ọ̀tún sókè. “Fọ abẹ́ apá yẹn fún mi, ó ń yún mi.”

Kò bi mí mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú mi pé kò bi mí mọ́.

A ti fọ́ àwọn másítà tó kù. Bọ̀dá Múdà gbé wọn sórí òkúta níwájú ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Tóyìn tó wá wo ìyàwó rẹ̀ dúró, ó ń wò ó. Ó na ọwọ́ láti gba hámà. Ó fọ́ ìyókù fúnra rẹ̀, ó ń lu irin títí kò fi ní orí, kò ní ìdí mọ́, òógùn bo aṣọ rẹ̀. Nígbà tó parí, ó bi mí bóyá omi tútù wà. Mo sáré bù ú wá. Ó mu ún tán, ó gbé ife fún mi, ó sì wo ojú mi. “O ṣeun,” ó wí. Mo gbé ife náà dání fún ìgbà pípẹ́.

Nípa ti ṣọ́ọ̀bù, n kò tíì mọ̀. Mo ti sọ fún ọ̀gá wa pé n óò dé lọ́jọ́ Ajé. Bọ̀dá Múdà ní kí n má tíì tà á, ó ní òun á máa ṣí i láàárín ọ̀sẹ̀, kí èmi máa wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ ọjà wò. Mo ní mo gbọ́. N kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ewúrẹ́ yín bí méjì. Mo ti dá abọ́ ìyàwó ìmáàmù padà.

Àárọ̀ òní ni Bàbá Tóyìn wá gbé ìyàwó rẹ̀ lọ. Dókítà ní ó ń jinná. Mo bá wọn gbé ẹrù dé ibi ọkọ̀, mo sì dúró lójú títì títí n kò fi rí wọn mọ́. Mo padà sínú ilé. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, mo sì nahùn sí inú yàrá, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà gbogbo tí àlejò bá lọ tán.

“Ìyé, wọ́n ti lọ o.”

Mo dúró kí ẹ dá mi lóhùn. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́, Ìyé, ó sì pẹ́ gan-an kí n tó wọlé.

Kí Ọlọ́run bá mi tọ́jú yín níbi tí ẹ wà.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin kan ṣoṣo, tó fẹ́ràn yín.